Kọ́bọ́ọ̀dù Oníkọ́kọ́rọ́

Bí mo bá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́, ọ̀gá mi ní ilé oògùn kan ní Sabon Gari ni mo máa ń rántí. Oògùn àtọ̀sí, ti ìtọ̀ gbígbóná, ti nǹkan oṣù àti ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí, inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló tì wọ́n mọ́. "Oògùn ìṣekúṣe" ló kọ sí i lára.

Nígbà tí opó àgbàlagbà kan wá ra ti ìtọ̀, ọ̀gá náà mi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà títí gbogbo oníbàárà fi yíjú. "Kai! Màmá, ta ló kó èyí ràn yín?" Ìyá náà lọ láì ra nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí ìtọ̀ ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ gbóná, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n rọra ṣí i. Mo mi kọ́kọ́rọ́ náà dáadáa.

"Ọ̀gá, ta ló kó èyí ràn yín?"