Iyẹ̀pẹ̀ Tí Mùnírátù Yan

Bí ẹ bá dé Ilare tí ẹ béèrè Mùnírátù tó ń ta ọmọ igi ọsàn, ẹ ò ní ṣìnà. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, àfi bíi pé ìmọ́tótó rẹ̀ ti fẹ́ di àrùn. Kódà iyẹ̀pẹ̀ tí yóò gbin ọsàn sí, yíyan ló máa ń yan án: agbada gàrí lórí iná, igi ìrokà lọ́wọ́, á máa rò ó títí èéfín yóò fi máa rú lára rẹ̀. Ọdún kan tí kòkòrò jẹ gbòǹgbò ọsàn rẹ̀ tán ló bẹ̀rẹ̀. Ogún ọdún rèé, kò gbin igi sí iyẹ̀pẹ̀ tútù mọ́.

Á ní, “Iyẹ̀pẹ̀ tèmi mọ́ ju àwo ẹlòmíràn lọ.”

Nínú ọ̀rá dúdú ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ọsàn náà a máa tutù yọ̀yọ̀, nítorí Mùnírátù kì í ṣahun fatiláísà. Bó bá dé oko ló ń di ọ̀ràn. Bàbá Awódélé, àgbẹ̀ kan ládùúgbò, ra ọgọ́ta lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó gbìn ín sórí ilẹ̀ tí katakata ti ha iyẹ̀pẹ̀ òkè rẹ̀ lọ. Àwọn igi náà kò dàgbà, wọ́n pọ́n, wọ́n kú. Nígbà tí bàbá náà bá a ní ìta gbangba Enuwa tó ro ẹjọ́ igi tó kú náà fún un, Mùnírátù fò fẹ̀rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn.

“Bàbá, kò sí àrùn lára igi mi. Ọwọ́ yín ni kò gba igi mọ́!”

Ẹyin lohùn, ó sì fọ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá lọ sílé, kò sì gbin ohunkóhun mọ́.

Lọ́dún yìí ni Ìbùkúnọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn tó gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ Mùnírátù, tọrọ ọmọ ọsàn díẹ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó hú méjì, ó fọ gbòǹgbò wọn, ó pè é.

“Màmá, ẹ wá wò ó.”

Gbòǹgbò èkíní pá, kò ju okùn mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ti èkejì kún fọ́fọ́.

“Kí lo fi sí ìdí èyí?”

“Iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ ọsàn àtijọ́ ni, mà. N ò yan án. Ohun kan ń gbé inú rẹ̀, ẹbí olu tí à ń jẹ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju òwú lọ. Ó ń bá gbòǹgbò wá omi àti oúnjẹ, gbòǹgbò sì ń fún un ní ṣúgà.”

Ó wá gbé àwo gíláàsì kan jáde. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló pín in sí méjì, gbòǹgbò wà lápá kan, ẹbí olu yìí wà lápá kejì.

“Omi nìkan ló lè gba ọ̀rá yìí kọjá, mà. Ohun yìí ń tú kẹ́míkà sínú omi náà, gbòǹgbò gbọ́, ó ti ń ya ẹ̀ka dè é.”

“Wọn ò sì tí ì fara kanra?”

“Rárá, mà.”

Mùnírátù la ẹnu, kò lè pa á dé. Gbòǹgbò tí kò létí! Ọ̀rọ̀ kan wá sọ sí i lọ́kàn.

“Tí èèyàn bá wá yan iyẹ̀pẹ̀ náà ńkọ́?”

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. “Ohun náà ti kú nìyẹn, mà. Gbòǹgbò ò ní gbọ́ nǹkan kan. Fatiláísà ni kì í jẹ́ kó tètè hàn níbí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí katakata ti ha kò ní òmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀.”

Ogún ọdún! Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Mùnírátù lè dákẹ́. Bí àwọn oníbàárà bá gbọ́, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá Awódélé ní Enuwa kò kúrò níwájú rẹ̀. Ó fa ìborùn rẹ̀, ó gba ilé bàbá lọ.

Ó bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Bàbá, ẹ forí jì mí. Ọwọ́ yín kọ́. Èmi ni mo ti ba igi yẹn jẹ́ kí n tó tà á fún yín.”

Ó ń retí èébú. Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

“Ọwọ́ mi kọ́?”

“Ọwọ́ yín kọ́ rárá, Bàbá.”

“Ìwọ lo mọ igi, mo gbà ọ́ gbọ́. Nígbà tí ìyàwó mi ń ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá, mo ní ọwọ́ tó ń pa igi kò gbọdọ̀ kan aláìsàn. Ó ń na ọwọ́ sí mi. N ò dì í mú títí ó fi kú.”

Orí ìkúnlẹ̀ náà ni Mùnírátù wà.