Aṣọ Inú Tẹlifíṣọ̀n

Òórùn eruku tó ń jó lórí tẹlifíṣọ̀n gbígbóná kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, lẹ́bàá títì, nígbà ọyẹ́, bí a bá ti tan tẹlifíṣọ̀n náà fún ìgbà díẹ̀, òórùn yìí á gba gbogbo inú ilé, á dàpọ̀ mọ́ òórùn òwú àti aró. Òórùn ọlà ni mo pè é nígbà náà. Àwọn àgbà ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ọmọdé kọ́ ni mí mọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ náà ra mí lọ́wọ́ dé ìgúnpá.

Aṣọ òfì ni bàbá mi ń tà. Àwọn ahunṣọ rẹ̀ jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ju ọ̀kọ̀ ìhunṣọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó bá wá, Bàbá á kó àjákù aṣọ àtijọ́ jáde, á ní, “Ẹ wo àlàárì yìí. Ká wá fi ẹtù sí i létí, ẹ ó rí bí yóò ti gún régé.” Oníbàárà á wo àjákù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, á máa gbìyànjú láti fi ojú inú rí odidi agbádá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rí nǹkan kan. Wọ́n kàn gba Bàbá gbọ́ ni, wọ́n á sì máa lọ.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé wa, ti ìlú òyìnbó dé pẹ̀lú awò lójú lẹ́yìn tó ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọ́fíìsì tó wáṣẹ́ lọ ní Ìbàdàn àti Èkó ló ń sọ fún un pé kó padà wá nígbà mìíràn. Nígbà tó sú u, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó kó bọ̀ láti òkè òkun wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju páálí bàtà lọ, bọ́tìnnì sì wà lórí rẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì. Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó tún so ó mọ́ rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì. Inú kásẹ́ẹ̀tì kan ló kọ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe sí. Bí kásẹ́ẹ̀tì náà bá ti ń yí, á máa han gooro bí ìrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan á yọ lójú tẹlifíṣọ̀n nínú agbádá, obìnrin kan á dúró tì í nínú ìró àti gèlè. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì kan, ìlà aṣọ wọn á fẹ̀ sí i. Bí o bá tẹ òmíràn, pupa á di búlúù, búlúù á di àwọ̀ ewé.

Èmi ni wọ́n fi sídìí bọ́tìnnì. Mo lọ ra táì. Nínú ooru Ìsẹ́yìn, láàárín àwọn ahunṣọ tó jẹ́ pé ṣòkòtò péńpé ni wọ́n wọ̀, èmi so táì mọ́rùn, òógùn ń bọ́ lára mi, mo ń pe ara mi ní onímọ̀ ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ bí kásẹ́ẹ̀tì bá kọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń sáré lọ pè. Àwọn ènìyàn ń wá láti Kòmu, wọ́n ń wá láti Ṣakí pàápàá, kí wọ́n lè rí aṣọ wọn kí a tó hun ún.

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ṣe ìyàwó wá láti Ìpàpó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ọmọ náà máa tẹ bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀. Ojú tì í lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó ṣe, a kò lè dá a dúró mọ́. Ó yí àwọ̀ títí, ó fi dé orí ọ̀kan tó jọ elésè àlùkò, tó ń tàn bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó na ìka sí obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, “Màmá, èmi nìyẹn.”

Ìyá rẹ̀ yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. “Ọmọ mi, ṣé aṣọ yìí gan-an lẹ ó hun fún wa?”

“Bí ẹ ṣe rí i yìí, Mọ́mì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ó gbà á.”

Bàbá jókòó sí igun, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, “Ojú ti rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni yóò hun ún. Òwú yẹn dà?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Òwú á wà.”

Òwú kò sí. Ìjọba ológun ti ti bodè, ọjà òkè òkun sì ti wọ́n bí ojú. Àwọn oníṣòwò òwú tó máa ń ti Èkó wá ń dé lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ̀gbọ́n mi wá òwú náà dé Ìbàdàn, òwú funfun nìkan ló rí mú bọ̀. A ní kí aláró rẹ ẹ́, ó rẹ ẹ́, ó tún un rẹ. Nígbà tó gbẹ, ó dúdú fẹ́ẹ́, ó rí bí ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ lára aṣọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó ti wọlé dé, a kò ní ọgbọ́n mìíràn, a hun ún bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n wá gbà á, ọmọ náà wo aṣọ, ó wo tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pípa. Omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, kò sì pariwo. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ká ní ẹ kò fi èyí ọjọ́sí hàn wá ni, à bá gba èyí, à bá sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.”

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká. Bí ẹnìkan bá ṣe ìlérí tí kò mú un ṣẹ ní Ìsẹ́yìn nígbà náà, wọ́n á ní aṣọ inú tẹlifíṣọ̀n ni. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ti ń bá Bàbá rà kí wọ́n tó bí wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba òdìkejì títì kọjá. Àwọn ahunṣọ kó irinṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìnkùlé wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbọ́ pé kò sí àwọ̀ òwú tí kò sí ní Kútọnu, òun yóò gba Ìjìo lẹ́bàá bodè kọjá. Ọ̀nà inú igbó ni àwọn ènìyàn ń gbà nígbà tí bodè wà ní títì. Ìyá wa bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó ní, “Èmi ni mo sọ orúkọ yín di ẹ̀sín. Ẹ jẹ́ kí n lọ tún un ṣe.” Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà fún un. Èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀ dé gáréèjì. Ó yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, ó ní, “Má jẹ́ kí eruku wọ inú ẹ̀rọ yẹn o.”

Kò padà. Nígbà tí a retí retí, mo lọ sí Ìjìo. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ ní òun rántí ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, tó ń béèrè ọ̀nà. Ó ní lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n gbọ́ ìró ìbọn nínú igbó, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ wò ó? Mo béèrè lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí bodè ṣí, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Kútọnu. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí tipẹ́, mo rò pé ẹni tó pa á kò láàánú ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá ní kí n tan nǹkan yẹn fún òun. Kò fìgbà kan sún mọ́ ọn rí. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, ó han títí, ọkùnrin yẹn àti obìnrin yẹn yọ. Bàbá fa àpótí ìjókòó rẹ̀ mọ́ tòsí.

“Èwo ni ìyàwó Ìpàpó yẹn mú?”

Mo tẹ bọ́tìnnì títí mo fi dé ibẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ó dára.” Ó nawọ́ kan ojú tẹlifíṣọ̀n náà. “Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ó dára.”

Kò béèrè rẹ̀ mọ́. Òjò ọdún kejì kò bá a láyé. Ìyá wa tẹ̀ lé e. Mo ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, mo gba oko iṣu lọ, ibẹ̀ sì ni mo ti darúgbó.

Lóde òní, mo ń rí àwọn ọmọ tó ń ta aṣọ lórí fóònù. Oníbàárà á fọwọ́ kàn án, àwọ̀ á yí, wọ́n á sì gbé irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ wá bá a nílé. Kì í bí mi nínú, kì í sì í dùn mọ́ mi. Mo kàn máa ń kọjá lọ ni.

Nínú ààwẹ̀, ààfáà máa ń wá ṣàdúrà fún àwọn ará ilé wa, fún àwọn tó ti kú àti àwọn tó wà nírìn-àjò. Ààrin àwọn arìnrìn-àjò ni Bàbá fi ẹ̀gbọ́n mi sí títí ó fi kú, èmi náà kò sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ní ààwẹ̀ tó kọjá yìí, mo ní kí ààfáà gbé e sáàárín àwọn òkú. Ó béèrè bóyá ìròyìn kan ló dé. Mo ní ìròyìn kankan kò dé. Èmi nìkan ló kù nílé tó lè dá a mọ̀ bó bá wọlé, ojú mi kò sì ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́.