Setsu, Ìyá Mẹ́káníkì Wakamatsu, àti Ọkọ̀ Tó Ń Jo Ọ́ìlì

Ìka mẹ́ta ni Kajitani fi sípánà táyà fọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún Bàbá Mizoguchi, mẹ́káníkì àgbà, lójú gbogbo wa, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí òdòdó sakura ń já bọ́ ládùúgbò wa ní Wakamatsu.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé ọkọ̀ yìí wá fún ọ," ni ó wí, ó fi orúnkún tẹ apá bàbá náà mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣì ń tọ̀ sílẹ̀ bí ajá arúgbó. Ìka kan fún ìgbà kan."

Kà! Kà! Kà! Ọlọ́pàá kan ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Ó yíjú sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Kajitani ló ń kó àwọn alágbàṣe ebútékọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ta kò ó kì í ríṣẹ́ ṣe mọ́, nígbà mìíràn kì í tún rí eyín fi jẹun.

Èmi Yone, tófù, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà, ni mò ń ṣe tí mò ń tà lódìkejì títì. Èmi ni mo fi aṣọ di ọwọ́ bàbá náà. Nígbà tí mo gbójú sókè, Haraguchi Setsu ló dúró lórí wa nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti dúdú, ó ń wo ìka bàbá náà. Ẹ̀rù bà mí ju ìgbà tí Kajitani wà níbẹ̀ lọ.

Ọmọ àdúgbò wa ni Setsu. Bàbá rẹ̀ ń jó irin mọ́ra níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, àbàrá ló sì fi ń kọ́ ọmọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Setsu nígbà tí bàbá náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ fọ́ ọ nímú, nítorí pé òòlù tó gbé fún un kọ́ ló ní kó gbé. Imú náà kò tọ́ mọ́ títí dòní. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó kan ilẹ̀kùn gbogbo mẹ́káníkì ìlú láti kọ́ṣẹ́, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Mizoguchi nìkan ló ní, "Bọ́ bàtà òde yẹn, gba sípánà." Ọdún méje ló fi kọ́ ọ, kò gbá a létí rí.

Setsu fúnra rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Mo ti rí i tó fi àkísà ọ́ìlì na oníbàárà kan lójú nítorí pé ó pè é ní "ọmọge." Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó ti di opó, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá Mizoguchi, ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, apá rẹ̀ sì tóbi ju itan mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọ́fíìsì Kajitani lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fi káàdì ta tẹ́tẹ́.

"Ta ni kinní yìí?" ni Kajitani bi wọ́n. "Ṣé obìnrin ni àbí agbá ọ́ìlì?"

"Agbá ọ́ìlì ni," ni Setsu wí. "Gbé ọkọ̀ yẹn wá fún mi. Bí ọ́ìlì bá kán sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ṣe é, ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nìyí. Bí kò bá kán, wàá wá foríbalẹ̀ fún Bàbá Mizoguchi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ife tíì lù ú. Ife náà là á níwájú orí. Setsu kò nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. "Ọ̀la, aago mẹ́sàn-án," ni ó wí, ó bá jáde.

Ọkọ̀ náà dé. Ká sọ òótọ́, ó wuni. Ọkọ̀ eré ìje oníjòókòó méjì ni, imú rẹ̀ gùn, àwọ̀ rẹ̀ búlúù, ó ti lo ọdún méjìdínlógún láyé, bẹ́ẹ̀ ló ṣì ń kùn bí ológbò tó yó. Fumie, ìyàwó Kajitani, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ìbòmú funfun bojú, ṣùgbọ́n ìbòmú kì í bo ojú tó wú. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn le díẹ̀. Kajitani yí ọkọ̀ po, ó fọ́ ọ létí, obìnrin náà sì lọ lu ògiri.

"Ṣé ilẹ̀kùn bàbá rẹ nìyẹn?"

"Ẹ má bínú," ni Fumie ń wí, ó ń tẹrí ba, "ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́."

Setsu di irin gígùn tó fi ń tú bólùtì líle mú. Mo fà á láṣọ. "Ọkọ̀ lo ní kó gbé wá, Setsu. Ọkọ̀."

Bàbá Mizoguchi ti sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn, rọ́bà tó ń sé ọ́ìlì mọ́nú, nítorí ibẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì àti gíà ti pàdé, ni ọ́ìlì ti ń kán. Setsu kò tú bólùtì kankan. Ó fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ́ńjìnnì náà títí irin fi ń dán, ó nù ún gbẹ, ó wá gba ike páúdà tí mo fi ń pa ọrùn, ó da gbogbo rẹ̀ sí i lára bí ẹni ń múra fún ọmọ ìkókó.

"Yone, wọlé, ká lọ."

A gun òkè Takatō lọ, a sì bọ̀. Ó fi ọkọ̀ náà sáré débi pé mo pe ìyá mi tó ti kú. Nígbà tá a dé, ó fi jáàkì gbé e, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀.

Ilà dúdú kan wà lára páúdà náà. Kò ti ìsàlẹ̀ wá. Òkè pátápátá ló ti ṣàn, lẹ́yìn orí ẹ́ńjìnnì, níbi tí rọ́bà kékeré kan tó dà bí ìlàjì òṣùpá wà lábẹ́ ìdérí. Ó gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀, ó wá ń kán níbi tí gíà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ibi tó ti ń kán kọ́ ló ti ń jò," ni Setsu wí. "Ilẹ̀ ni gbogbo wa ń wò."

Ṣùgbọ́n rọ́bà náà ṣì tuntun. Kí ló ń tì í jáde? Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Atẹ́gùn inú rẹ̀ ti ọwọ́ náà dànù. Ojú Setsu yí padà. Ẹ́ńjìnnì ní rọ́bà oníhò gígùn kan tó fi ń mí, bí imú. Bí wọ́n bá dí i, ohun tó wà nínú á wá ibi tó rọ̀ gbà jáde. Ó yọ rọ́bà oníhò náà, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó sì fa aṣọ kan jáde tí wọ́n ti kì mọ́ ọn pinpin. Aṣọ búlúù tó ní àmì ìpẹ́ ẹja funfun.

Mo mọ aṣọ náà. Ara aṣọ ìdáná Fumie ni wọ́n ti gé e. Òun ló máa ń wọ̀ wá ra tófù lọ́dọ̀ mi, mo sì ti rí i pé igun rẹ̀ kan ti gé.

Kò pé wákàtí kan tí Fumie fi dé pẹ̀lú abọ́ tófù rẹ̀. Setsu sáré sọdá títì, ó fi kọ́là fà á wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbá a lójú lẹ́ẹ̀mejì. Ìbòmú já bọ́.

"Ìka mẹ́ta! Ìka bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́! Ìwọ àti aṣọ rẹ!"

Fumie kò sunkún. "Ọkọ̀ apẹja ni bàbá mi ń wà," ni ó wí. "Mo mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí."

"Kí lo wá fẹ́? Kó gbiná? Kó kú sínú rẹ̀?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Bí ara ọkọ̀ náà bá yá, èmi ló ń nà. Bó bá ń jò, mẹ́káníkì ló ń nà. Mo fẹ́ sinmi ni."

Setsu tún gbọ́wọ́ sókè. Ọwọ́ náà dúró lókè. Ó wá sọ ọ́ mọ́ tábìlì irin, gbàà, débi pé awọ ibẹ̀ bó.

"Ó yẹ kí n pa ọ́," ni ó wí. Ó ju aṣọ náà sí mi, ó sọ fún Fumie pé, "Máa lọ sílé. Mi ò rí aṣọ kankan."

Lọ́jọ́ kẹta tí ọkọ̀ náà ti dé, Kajitani wá gbé e, òun àti Fumie. Setsu ti ní kí Bàbá Mizoguchi wá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀. Kajitani tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ ọkọ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó dúró tì í fún ìdajì wákàtí. Ìwé náà gbẹ.

"Foríbalẹ̀," ni Setsu wí.

"Kí ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀?"

"Èérí ló dí ibi tó ti ń mí. Foríbalẹ̀."

Bóyá ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Ẹ̀bi mi ni. Ọwọ́ mi kò gbà láti sọ aṣọ tó ṣì lágbára nù. Mo ti fọ̀ ọ́, mo sì ti sá a níwájú ìsọ̀ mi láàárín àwọn aṣọ tí mo fi ń sẹ́ tófù. Kajitani wo òdìkejì títì. Ó wo aṣọ náà. Ó wo Fumie. Ó di irun rẹ̀ mú, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ imú ọkọ̀ náà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ ta sára àwọ̀ búlúù.

Irin Setsu bá Kajitani lórúnkún. Mo gbọ́ bí eegun ṣe ṣẹ́. Ó ṣubú, ṣùgbọ́n ó fa Setsu lulẹ̀, ó gùn ún, ó gbá a lẹ́nu pẹ̀lú ọwọ́ jáàkì, eyín mẹ́ta fò jáde. Ó tún gbá a létí òsì. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì fún un lọ́rùn. Bàbá Mizoguchi ń fi ọwọ́ òsì fa ẹ̀wù rẹ̀, pàbó ló já sí. Ojú Setsu ti ń yí. Mo sáré sọdá, mo gbé garawa omi sóyà tó ń hó lórí iná, mo sáré padà, mo sì da gbogbo rẹ̀ sí Kajitani lẹ́yìn. Igbe tó ké, àwọn tó wà lórí afárá gbọ́.

Setsu dìde. Ó mú irin rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ apá ọ̀tún Kajitani mọ́ kọnkéré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ọwọ́ náà. Mi ò ka iye ìgbà. Mi ò sì dá a dúró.

Fumie ló gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ pa. Ọkọ̀ ló kọjú sí. Gíláàsì iwájú, iná méjèèjì, ilẹ̀kùn, ìdérí ẹ́ńjìnnì tí Setsu ṣẹ̀ṣẹ̀ dì tán. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú rẹ̀, ó ń lù ú ṣáá. Ọkùnrin tó wà nílẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó, ń ké bí ọmọ ọwọ́: "Má fọwọ́ kàn án! Fumie, jọ̀ọ́! Ọkọ̀ mi! Ọkọ̀ mi o!"

Lọ́tẹ̀ yìí, ọlọ́pàá dé. Wọ́n sọ Setsu sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ. Èmi ní garawa ló yọ̀ lọ́wọ́ mi, gbogbo àdúgbò sì búra pé àwọn rí i nígbà tó yọ̀. Kajitani kò lè ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá ẹlòmíràn sìn, ó sì kó lọ sí ìlú tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Kò foríbalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Kí Fumie tó padà sí erékùṣù bàbá rẹ̀, ó lọ bá Bàbá Mizoguchi nílé, ó fi orí lélẹ̀ lórí ẹní, ó jẹ́wọ́. Bàbá náà kọjú sí ògiri títí obìnrin náà fi lọ.

"Ẹ dárí jì í, bàbá," ni mo wí.

"Yone," ni ó dá mi lóhùn, "lọ bi ìka mi."

Kò di sípánà mú mọ́ títí ó fi kú ní ọdún kẹrin lẹ́yìn náà.

Nígbà tí Setsu dé láti ẹ̀wọ̀n, ó jẹ abọ́ tófù méjì níwájú mi pẹ̀lú ẹnu tí eyín ti yọ. Ó ní, "Ẹni tó ti wú lójú tẹ́lẹ̀, Yone, mo tún gbá a lẹ́ẹ̀mejì." Kò jẹ́ kí n fèsì. Ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin báyìí, etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn, nítorí náà igbe ló fi ń sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù gbé ọkọ̀ eré ìje àtijọ́ wá láti Kokura, ó ní òun ti ra oògùn kan dà sínú ọ́ìlì kó lè dá jíjò náà dúró.

"Oògùn?" ni Setsu pariwo. "Ṣé ikọ́ ló ń wú? Bọ́ kóòtù. Dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀."

"Màmá, ilẹ̀ tutù o."

"Mo ní dùbúlẹ̀!"

Ọkùnrin náà dùbúlẹ̀. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi, ẹ̀wà ti fẹ́ jóná.