Kọ̀ǹpútà Kan Ṣoṣo Tí Mi Ò Yẹ̀ Wò

Kọ̀ǹpútà mẹ́fà la ń lò ní ọ́fíìsì wa ní Yaba, lókè ilé kan tá a ti ń gbọ́ hóònù bọ́ọ̀sì Jíbówú. Ìwé ìdánwò la ń tẹ̀ fáwọn ilé-ìwé. Ìkeje ni sáfà, èyí tó so àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Ètò kan tó ń jẹ́ Linux ló ń darí ẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lò, mo sì máa ń fẹlá, kí n má purọ́. Láti orí ìjókòó mi, mo lè gba inú wáyà wọ kọ̀ǹpútà oníkálukú, kí n tú fáìlì rẹ̀ wò bóyá fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀.

Lọ́dún kan, fáírọ́ọ̀sì kan dojú kọ wá. A ó tẹ ìbéèrè tán, tá a bá ṣí i lọ́jọ́ kejì, jágbajàgba la ó bá. Mo pa á ní Mọ́ńdè, ó ti padà dé kó tó di Fúráìdè.

Ọ̀gá wa ní, “Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Wá ẹni tó ń mú un wá.”

Ojú gbogbo wa lọ sára akọ̀wé wa, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tá à ń pè ní Àǹtí. Ó máa ń fi díìsìkì gbé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá tẹ̀. Mo yẹ díìsìkì náà wò, mo bá fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ó parí! Ọ̀gá ní tó bá tún padà, kí Àǹtí máa lọ sílé. Ọmọ mẹ́ta ni Àǹtí ń dá tọ́.

Àǹtí ò gbé díìsìkì wá mọ́. Mo pa fáírọ́ọ̀sì náà, ó tún dé. Wọ́n fún Àǹtí ní lẹ́tà. Ó ní, “Ọlọ́run rí mi,” ó gbé báàgì ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, fáírọ́ọ̀sì tún dé. Háà! Mo ṣí àkọsílẹ̀ àwọn kọ̀ǹpútà tí mo ní kí sáfà máa yẹ̀ wò. Márùn-ún péré ló wà níbẹ̀. Ti ọ̀gá, èmi fúnra mi ni mo yọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ni mí tí màá máa tú ẹrù ọ̀gá? Kò sẹ́ni tó ní kí n yọ ọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo pè é.

Nígbà tí ọ̀gá lọ jẹun ọ̀sán, mo fi tiẹ̀ kún un. Ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì náà tẹ́ ẹní sí, gbogbo ìwé tí ọ̀gá ń fi ránṣẹ́ sí wa ló ń bá wá. A jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni díìsìkì Àǹtí ti kó o. Mo tẹ àbájáde náà sórí bébà, mo gbé e fún ọ̀gá.

Ó kà á. “Nù ún kúrò.”

“Àǹtí ńkọ́, sà?”

“Ẹni tó ti lọ ti lọ.”

Inú bí mi burúkú, ṣùgbọ́n mo nù ún.

Ní Sátidé, mo wá Àǹtí lọ sílé ẹ̀ ní Ìwáyà. Ó ń to ẹja gbígbẹ sórí àtẹ. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un, mo bẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò yẹ ti ọ̀gá wò.

“Àgbà ni, Àǹtí. Mo ń bọ̀wọ̀ fún un ni.”

Ó gbójú sókè wò mí.

“Ọdún méje ni mo fi ju ọ̀gá ẹ yẹn lọ. Tèmi lo ń tú lójoojúmọ́.”