Fíìmù Tí Wọ́n Fi Jafẹ́ẹ̀lì Fọ̀

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n sin Maurice Igbẹ́kọ̀yí, onífọ́tò, ní Atakpamé ní Togo. Kò sí fọ́tò níwájú pósí rẹ̀. Férémù òfìfo ni ọmọ rẹ̀, Léonie, gbé dání dé ibojì.

Ọkùnrin tó ya tọmọdé tàgbà ìlú yìí! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ya ara rẹ̀, nígbà tó ń dán kámẹ́rà tuntun wò. Nẹ́gátíìfù rẹ̀ wà lára èyí tí ọ́fíìsì àṣà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ní àwọn yóò tọ́jú.

Fíìmù dúdú-àti-funfun tí a fi ń tẹ fọ́tò ni nẹ́gátíìfù, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Àwọ̀ a máa yí padà lórí rẹ̀: irun á funfun, eyín á sì dúdú. Maurice á gbé ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ wò ó, ìyá yìí ń pa ẹ̀rín mọ́ra." A ò ní rí nǹkan kan. Tó bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tán, ẹ̀rín náà á yọ. Bébà lè ya, ikán lè jẹ ẹ́. Bí fíìmù bá ṣì wà, ojú ènìyàn kò tíì sọnù.

Kí ni ọ́fíìsì fi í ṣe? Wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n ní ó ti bu, ni wọ́n bá da jafẹ́ẹ̀lì tí a fi ń fọ aṣọ funfun sínú bàsíà. Ó mọ́ lóòótọ́: kò ku ojú kan lórí rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n, wọn ò ju rọ́bà fíìmù náà nù. Wọ́n fi bo káàdì orúkọ tí àwọn agbàlejò há sáyà lọ́jọ́ àjọ̀dún àṣà.

Wọ́n pe Maurice síbẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di etí káàdì ọmọbìnrin tó fún un ní àga mú, ó rí gígé kéékèèké tó máa ń wà nígun fíìmù.

"Ta ni èyí tẹ́lẹ̀?"

"Bàbá, èmi Christelle ni o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kú, Léonie lọ bá ọ̀gá ọ́fíìsì náà, Gérard, láti gba nẹ́gátíìfù bàbá rẹ̀.

"Tàǹtí, àwọn iwin yẹn lẹ ń wá? Irun funfun, eyín dúdú! Ṣé ẹ fẹ́ káwọn àlejò sá níbi òkú ni?"

"Mùsíọ̀, ẹ̀yin náà wà nínú àwọn iwin yẹn. Bàbá mi ló yà yín lọ́jọ́ kòmúníọ̀n yín ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ó dáa, wọ́n ti fọ èmi náà mọ́ nìyẹn."

Ta ló pàṣẹ? Ta ló da jafẹ́ẹ̀lì? Orúkọ ni mo ń béèrè, kì í ṣe "ẹ má bínú". Kí Gérard sì kúrò nípò náà kó tó tún la ẹnu sọ̀rọ̀ àṣà fún wa.

Lánàá, Rosine, akọ̀wé wọn, sọ fún mi pé àpótí fíìmù kan ṣẹ́kù tí wọn ò tíì fọ̀, ní yàrá ìkẹ́rùsí wọn ní Elavagnon. Léonie ti wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ láti àárọ̀ òní. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí Notsé. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, a kò tíì mọ̀ bóyá Maurice wà nínú àpótí náà.