Ọrùn Kànga Méje

Ọjọ́ kejìléláàádọ́ta tí Hùmúàní ti wà nínú tákàbá ni Àhmádù, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kú, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, tó ní kó máa múra àtikó jáde. Kò wọlé, kò jókòó. Ó fi ọwọ́ ti ara ògiri, ó ń rún obì lẹ́nu.

"Ìyàwó wa," ó ní, "bí tákàbá bá ti parí, a óò gba yàrá yìí o. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. O ò bí ọmọ kankan sílẹ̀ fún wa. Kí ló tún kù tí ò ń ṣe níbí?"

"Mo gbọ́, ọkọ mi," Hùmúàní dáhùn. "Ẹ ṣé."

Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà jìnnà, ó mú òkúta kékeré kan nínú igbá tó fi ń ka ọjọ́, ó dì í mọ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta á. Òun á lọ, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n kí òun tó lọ, ojú Àhmádù gbọ́dọ̀ rí nǹkan. Ibi tí òun yóò lọ, àti ohun tí òun yóò fi gbẹ̀san, ni kò tíì mọ̀.

Ọmọ Òkèlélé ni Hùmúàní, ọmọ àwọn amọ̀kòkò. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Ádámù ahunṣọ, ọkọ rẹ̀, gbé e wá sí Gàmbàrí ní Ìlọrin, sínú agbo ilé tí bàbá bàbá Ádámù kọ́ nígbà tó ti òkè Hausa sọ̀ kalẹ̀. Ó bímọ mẹ́rin, kò sí èyí tó rìn. Ilé ibẹ̀ sún mọ́ra débi pé bí o bá sín, ará ilé kejì ni yóò bá ọ ṣe àdúà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ooru á dúró sínú yàrá bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí agbo ilé náà fi ju àwọn yòókù lọ ni kànga. Odò Àsà ni wọ́n ti ń pọnmi tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni Ádámù ní ó sú òun, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ gidi, àkìtàn àtijọ́ ni. Kànga náà wó lẹ́ẹ̀kan, ó wó lẹ́ẹ̀kejì, ti ẹ̀ẹ̀kejì bo Ádámù dé àyà. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, Hùmúàní ní, "Ó tó. Ẹ fún mi ní oṣù kan." Ó lọ sí Òkèlélé, ó mọ ìkòkò ńlá tí kò ní ìdí, tí ọmọ ọdún méje lè dúró sínú rẹ̀. Mẹ́sàn-án ló mọ. Ó sá wọn sí ibòji fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ó sì sun wọ́n. Méjì bẹ́ nínú iná, ó ku méje. Wọ́n tò wọ́n léra láti ẹnu kànga lọ sísàlẹ̀ títí wọ́n fi kan ilẹ̀ líle. Ọrùn kànga ni wọ́n ń pè wọ́n. Ojú àtàǹpàkò mẹ́ta tí Hùmúàní máa ń tẹ̀ sára ohun tó bá mọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láti ọjọ́ náà, erùpẹ̀ ẹyọ kan kò já bọ́ sínú omi mọ́.

Àhmádù wà ní Jẹ́bà nígbà yẹn, ó ń ta iyọ̀. Omi ló wá bá. Kò gbé agbọ̀n erùpẹ̀ kan. Àmọ́ níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ Ádámù, Hùmúàní wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ tí Àhmádù ń sọ fún àwọn àlejò pé, "Ẹ mu omi dáadáa o, kànga tí mo gbẹ́ ni!" Wọ́n ń ṣe àmín fún un. Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló ti ta òfì tí Ádámù fi ń hunṣọ, kí wọ́n tó pín ogún.

Ìdí tó fi fẹ́ yàrá náà kò pamọ́. Ọdún kẹta rèé tí réluwé wọ Ìlọrin, àwọn àlejò ń wá ilé. Yàrá tí èèyàn ń fi obì bẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di sílè méjì lóṣù. Àhmádù ti fi yàrá méjì háyà fún àwọn òṣìṣẹ́ réluwé, Garba kan ni olórí wọn, nítorí pé omi wà nínú ilé. Yàrá Hùmúàní ló sún mọ́ kànga jù. Àhmádù ní sílè mẹ́ta lòun yóò gbà lórí rẹ̀.

Obìnrin tó wà nínú tákàbá kì í jáde fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Hùmúàní bá kúkú jókòó sẹ́yìn ẹní tó ta sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fetí sí àwọn tó ń wá pọnmi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, ohun mẹ́ta ló máa ń bi í: omi ibẹ̀ ńkọ́, ooru ibẹ̀ ńkọ́, ilé ńkọ́?

Lami tó ń ta wàrà wá láti Malete. "Omi kẹ̀?" ó ní. "Odò ń ṣàn! Ooru? Lálẹ́ ẹ ó wá aṣọ bora. Ilé? Ẹ fún baálẹ̀ lóbì, ẹ kọ́ ọ síbi tó bá wù yín."

"Amọ̀ ńkọ́?"

"Amọ̀? Iyanrìn ni gbogbo ibẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ jẹ amọ̀ ni, Ìyá?"

Hùmúàní rẹ́rìn-ín. Ó ro Malete fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi dára, atẹ́gùn dára, ilé ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí amọ̀, bẹ́ẹ̀ láti asùbáà títí di àìlà ọ̀sán ni èèyàn ó fi ru ìkòkò dé ọjà Ìlọrin. Ohun tó tún wà nínú rẹ̀ tí kò sọ fún Lami ni pé Malete jìnnà jù. Bí Àhmádù bá sunkún, ta ni yóò ròyìn rẹ̀ fún òun?

Ó ro Òkèlélé, ilé bàbá rẹ̀. Amọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, àwọn ọmọ ń sùn lẹ́nu ọ̀nà, wọn á sì máa ní ọkọ ló kú tó fi padà wálé wá bá wọn du oúnjẹ. Ó yọ Òkèlélé kúrò.

Àbẹ̀ní tó ń ta igi ìdáná ni ó bi ní ọ̀rọ̀ Ṣàngó, ìletò kan lẹ́yìn odi ìlú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ojoojúmọ́ ló sì ń fa omi nínú kànga agbo ilé wọn.

"Ṣàngó kẹ̀, Ìyá Amọ̀kòkò? Ta ní ń lọ Ṣàngó? Lóòótọ́, atẹ́gùn ń fẹ́ láti ojú oko, ilẹ̀ sì pọ̀ lọ bẹẹrẹ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ èèyàn kó wá gbà á. Omi ni kò sí. Ẹ mọ Mùtíù, ọmọ alágbẹ̀dẹ? Ó gbẹ́ kànga síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wó. Ìyàwó rẹ̀ ti ní òun ò ṣe mọ́."

"Ṣé kò kan omi ni?"

"Ó kan omi! Omi wà nísàlẹ̀. Òkè ni kò dúró."

Hùmúàní gbé ẹ̀kọ tó ń jẹ sílẹ̀. "Òkè ni kò dúró," ó tún un sọ jẹ́jẹ́.

"Kí ló dé tí ẹ ń rẹ́rìn-ín?"

"Kò sí nǹkan, Àbẹ̀ní. Bá mi sọ fún Mùtíù pé bí mo bá jáde, mo fẹ́ rí i."

Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti padà sójú rẹ̀. Bí Àhmádù bá kọjá, á kí i pé, "Ọkọ mi, ẹ kú ìrìn o." Àhmádù rò pé ó ti gba kádàrá.

Ọjọ́ kẹta tó jáde nínú tákàbá, Àhmádù mú un lọ síwájú Àlùkálí, adájọ́ Mùsùlùmí, kí ọ̀rọ̀ má baà ní ìyókù. Wọ́n pín ogún Ádámù: ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò fi ọmọ sílẹ̀, aṣọ méjì ló kàn án pẹ̀lú ìdá tirẹ̀ nínú owó òfì tí wọ́n ní kí Àhmádù pọ̀ jáde. Inú bí Àhmádù. Ó ní, "Bàbá, ilé jẹ́ ti bàbá bàbá wa, kò sí nínú ogún. Kí ó kó ohun tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kó máa lọ. A ò fẹ́ rí nǹkan rẹ̀ kankan lójú mọ́!"

"O gbọ́, obìnrin?" Àlùkálí bi í.

"Mo gbọ́, mo sì gbà, Bàbá. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wà nínú ilẹ̀ ńkọ́?"

Àhmádù búsẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà yẹn, obìnrin púpọ̀ ló ti ri owó ẹyọ mọ́lẹ̀ nínú yàrá. Ìgbà tí sílè òyìnbó dé, ẹyọ di ohun tí ọmọdé ń fi ta ayò. "Mo mọ̀!" ó ní. "Mo mọ̀ pé ó ri nǹkan mọ́lẹ̀! Ìyàwó wa, wú u! Wú gbogbo rẹ̀, kó o gbé e lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì réluwé!" Gbogbo ilé ẹjọ́ rẹ́rìn-ín. Hùmúàní náà rẹ́rìn-ín.

Àlùkálí kò rẹ́rìn-ín. "Àhmádù, ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, títí kan èyí tó wà nínú ilẹ̀?"

"Títí kan èyí tó wà nínú ilẹ̀, Bàbá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́. Ẹlẹ́rìí méjì dúró tì í.

Ọjọ́ kejì, Mùtíù àti ọkùnrin mẹ́rin dé láti Ṣàngó pẹ̀lú okùn. Àdéhùn wọn kò pọ̀: Mùtíù á gbẹ́ kànga, Hùmúàní á fi ọrùn sí i, Mùtíù á sì fún un ní ilẹ̀ yàrá méjì létí rẹ̀, láìgba owó ilé títí ayé. Wọ́n fa ọrùn kìíní. Wọ́n fa ìkejì. Àwọn obìnrin yí wọn ká pẹ̀lú ìkòkò òfìfo lórí.

Ìgbà tí wọ́n ń fa ìkẹrin ni Àhmádù sáré dé láti ìdí réluwé. "Kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ̀yin olè! Kànga mi!"

"Ihò ni tiyín, ọkọ mi," Hùmúàní dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ, gbogbo àlejò fídáù ló gbọ́. N ò fọwọ́ kan ihò yín. Ẹ wo ojú àtàǹpàkò yìí, ẹ gbé ọwọ́ yín lé e bóyá á bá a mu."

Àwọn obìnrin hó yèè. Àhmádù wo ẹlẹ́rìí ilé ẹjọ́ tó tẹ̀ lé Hùmúàní wá, ẹlẹ́rìí wo ilẹ̀.

Àbẹ̀ní nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fa Hùmúàní sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá Amọ̀kòkò, àwa ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ wo la ṣẹ̀ yín? Odò Àsà ni kí n tún máa lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn mí yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó wo orúnkún Àbẹ̀ní tó wú. Ó ní, "Ìwọ ò ní san nǹkan ní Ṣàngó láé." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àwọn ọkùnrin. "Ẹ máa fà á."

Ìkeje fọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀. Ó kó àfọ́kù rẹ̀ náà, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Òjò kẹta ọdún náà ló wó ẹnu kànga Gàmbàrí. Nígbà tí òjò yóò fi pé mẹ́wàá, kòtò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ewúrẹ́ kan sì kú sínú rẹ̀. Garba àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó jáde lóṣù yẹn. Yàrá onísílè mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Asabe, ìyàwó Àhmádù, pọnmi lódò Àsà fún oṣù méjì, ó ní òun ò wá sílé ọkọ láti di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Gbogbo ìròyìn yìí ń dé Ṣàngó lọ́kọ̀ọ̀kan. Hùmúàní ń gbọ́ ọ bó ṣe ń mọ ìkòkò. Bí oníròyìn bá parí, á ní kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọrùn mẹ́fà ló kó wá, ó mọ mẹ́ta kún un. Kànga Ṣàngó kò wó.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí odò fà, Àhmádù fúnra rẹ̀ yọ sí Ṣàngó láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ìkòkò léjìká. Ètè rẹ̀ ti bó.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o."

Hùmúàní dìde. Ó ju gúgà sínú kànga, ó fa omi, ó bù ú sínú igbá, ó gbé e fún un. Kò sí mùsùlùmí tó ń fi omi mímu du èèyàn. Àhmádù mu ún, ó tún bẹ̀bẹ̀, ó fún un sí i. Ó mu títí inú rẹ̀ fi kún, ó nu ẹnu, ó sì gbé ìkòkò rẹ̀ síwájú kó bá òun rọ omi sí i.

Hùmúàní bẹ̀rẹ̀, ó yí ọrùn ìkòkò náà síbi tí oòrùn wà. Ojú àtàǹpàkò mẹ́ta.

"Àhmádù," ó ní. Láti ogún ọdún, kò pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba rí. "Kí ni wọ́n kọ sílẹ̀ níwájú Àlùkálí?"

Àhmádù wo ojú àtàǹpàkò náà.

Hùmúàní gbé ìkòkò náà, ó gbé e wọlé, ó fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, ọkùnrin náà ṣì dúró síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

"Ìkòkò mi ṣì ku méjì nílé yẹn," ó sọ fún un. "Bí òùngbẹ bá tún gbẹ ọ́ lọ́la, bá mi gbé wọn dání."