Oògùn Ẹsẹ̀

Ayọ̀rìndé ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ bi àwọn ará Ìgèdè léèrè. Oko kòkó ló fi tọ́ àwọn ọmọ wa, òun náà ló sì ń gbé àgbélébùú síwájú nínú ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun tí a kì í wọ bàtà wọ̀. Àfi bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kú. Ó tẹ òkúta, kò mọ̀. Ó tẹ ẹ̀gún, kò mọ̀. Bí kò bá ti tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń rìn, ó ti ṣubú nìyẹn.

Ní ọsibítù kan ní Adó, wọ́n ní iṣan tó ń sọ fún ọpọlọ pé ẹsẹ̀ ti kan ilẹ̀ ló bàjẹ́, kò sì ní jí mọ́. Wọ́n ní egungun ìbàdí rẹ̀ tó ti là lẹ́ẹ̀kan, bó bá tún fi ṣubú, ìdìde rẹ̀ dọwọ́ Ọlọ́run. Mo sunkún dé ibùdókọ̀ Fájuyì. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn níbẹ̀ gé rọ́bà ṣe ìtẹ́lẹ̀ bàtà fún un, ojú rẹ̀ rí págunpàgun bí ṣúkù àgbàdo. Kò wo àrùn sàn o, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń gbọ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi rìn yí àgbàlá ká, kò di nǹkan kan mú.

Ó ní, "Iye Dùnmínínú, ìgbéyàwó ọmọ wa dé tán. Èmi ni n ó fà á lọ́wọ́ dé iwájú pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó máa gbé mi wọ ulé Olúwa."

Bàtà kò gbọdọ̀ wọlé. Mo bá rán ìtẹ́lẹ̀ náà sínú ìbọ̀sẹ̀ funfun. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, aṣọ́nà dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ṣé kì í ṣe bàtà ni Bàbá wọ̀ yìí?"

Inú bí mi. Mo lọgun: "Bàtà níbo? Oògùn ẹsẹ̀ ni!"

Yéè! Ẹnu mi pa mí. Oògùn ọsibítù ni mo ní lọ́kàn. Oògùn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lórí orúkọ ẹni ni wọ́n gbọ́. Gbogbo ilé pariwo Jésù. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ ń burú sí i. Ìyá ọkọ ìyàwó fa ọmọ rẹ̀ lápá, ó ní ọmọ òun kò ní fẹ́ ọmọ olóògùn.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà, ó kó o lé Wòlíì Ayọ̀kúnlé, olórí ìjọ wa, lọ́wọ́. Ìgbà náà ni ìyá ọkọ ìyàwó tó fi apá ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo di orúnkún ọkọ mi mú.

"Bàbá Dùnmínínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín."

"Ojú ò ní ti ọmọ mi," ló wí.

Ó di Dùnmínínú lọ́wọ́ mú, ó wọlé lẹ́sẹ̀ lásán. Aṣọ ìyàwó fẹ̀, ó bo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀, bàbá kò rí wọn mọ́. Kò dé ìdajì ọ̀nà tó fi ṣubú. Èmi tí mo wà lẹ́yìn gbọ́ bí egungun náà ṣe dún. Wọ́n so ọmọ wa àti ọkọ rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà, a kò sí níbẹ̀, ọsibítù la wà.

Nígbà tó pẹ́, Wòlíì wá sílé wa, ó kó ìtẹ́lẹ̀ náà dání nínú ọ̀rá. Ó ní àwọn ti gbààwẹ̀ lé e lórí, Ẹ̀mí sì ti sọ̀rọ̀: rọ́bà lásán ni. Bàbá lè máa wọ̀ ọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkọ mi kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ká aṣọ kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kí Wòlíì lè rí i dáadáa.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Wòlíì. Ó yá, ẹ bá mi wọ̀ ọ́ fún un."